Láàárín Mítà 50 àti Kìlómítà 3

Kò sí àpáta ní Èkó. Iyanrìn, ẹrẹ̀ àti amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, síbẹ̀ kò sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó lè dúró níbẹ̀ láìsí òkúta wẹ́wẹ́ nínú kọnkéré rẹ̀. Òkè ni òkúta náà ti ń wá: láti Ọ̀dẹ́dá lẹ́yìn Abẹ́òkúta, láti ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, títí wọ inú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí àpáta líle tó gbé ilẹ̀ ró ti yọ orí síta. Kò sí afárá tàbí dẹ́kì tí wọ́n dà láti Lẹ́kí dé Ìkẹjà tí wọn kò bu òkúta rẹ̀ lára ilẹ̀ abúlé kan.

Ìgbèríko tó wà ní agbègbè Ìkirè, Àpòmù àti Ararọ̀mí-Òwu jókòó lórí àpáta yìí kan náà. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni: kòkó, obì, ọsàn, ẹ̀gẹ́, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó sọ dòdò Ìkirè di ohun tí arìnrìn-àjò kì í rí kó má dúró rà. Àpòmù ti jẹ́ ọjà ńlá kí ogun Òwu tó bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, Orílé-Òwu, níbi tí ìlú Òwu wà kí ogun tó tú u, kò sì jìnnà síbẹ̀. Ohun méjì ló ń pe àwọn afọ́kúta wá sí agbègbè náà. Àkọ́kọ́ ni pé àpáta kò jìn sílẹ̀. Èkejì ni ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, tí típà lè gbà gbé ẹrù dé Ìbàdàn láàárọ̀ kó sì tún padà wá gbé òmíràn kí ọjọ́ tó rọ̀. Ní Wásinmi, ní ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, fífọ́ òkúta àti pípo ọ̀dà títì ti di iṣẹ́ tí gbogbo ẹni tó ń kọjá mọ̀.

Ohun tí ẹni tó ń kọjá kò mọ̀ ni bí ó ṣe rí láti máa gbé níbẹ̀. Òfin Nàìjíríà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé níbẹ̀ o. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí òfin fún ará abúlé lágbára jù ni ìgbà tí ìró kankan kò tí ì dún, tí ẹ̀rọ kò tí ì dé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì tí ì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa mọ̀, ilẹ̀kùn tó gbòòrò jù ti padé.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lójú pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣán igbó, wọ́n á wọ́ erùpẹ̀ kúrò lórí àpáta. Ẹ̀rọ á wá lu ihò sínú àpáta ní ìlà-ìlà, ihò tó jìn ju ìdúró ènìyàn lọ dáadáa. Inú ihò wọ̀nyí ni wọ́n ń kó ohun abúgbàù sí. Dáínámáìtì ni àwọn ará àdúgbò ń pe gbogbo rẹ̀, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ ní ibi ìfọ́kúta káàkiri ayé ni ammonium nitrate, èròjà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ epo dísù. Wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ dí ẹnu ihò, wọ́n á na wáyà, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á ta àsíá pupa, gbogbo ènìyàn á sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni àpáta á ya lulẹ̀. Kátakátá á kó o sínú ẹ̀rọ tó ń rún un, ajọ̀ onírin á sì yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: òkúta ńlá fún ìpìlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, èyí tó kéré tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà, àti lúbúlúbú ìsàlẹ̀ ajọ̀ tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń rà tí wọ́n ń pè ní stone dust. Típà á tò, wọ́n á gbé e lọ.

Kò sí ọ̀kan nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí tí kì í fi nǹkan ránṣẹ́ sí aládùúgbò.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ló ń fa ìjà jù. Agbára ohun abúgbàù kì í tán sínú àpáta tó fọ́. Ìyókù rẹ̀ a máa gba inú ilẹ̀ lọ, apá kan a sì gba ojú òfuurufú, èyí tó ń mú kí fèrèsé gbọ̀n àti kí páànù máa pariwo. Àwọn onímọ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí wọ́n ń kà ni iye mìlímítà tí ilẹ̀ ń sún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lọ́dún 1980, US Bureau of Mines, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìwakùsà nígbà náà, gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní: bí ìmìtìtì náà bá jẹ́ irú èyí tó ń fà díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 12.7 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ lẹ́bàá ilé àtijọ́ tí wọ́n rẹ́ lára, kò sì gbọdọ̀ ju 19 lọ lẹ́bàá ilé ìgbàlódé. Ní Bìrìtìkó, mìlímítà 6 sí 10 ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú ìwé àṣẹ.

Ilé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe ìwádìí ọdún 1980 náà, èyí tí pákó pọ̀ nínú rẹ̀. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lóde, tí bàbá àgbà kọ́ tí ọmọ-ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè dá ẹjọ́ ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ wo ògiri rẹ̀. Lọ́wọ́ kejì, òótọ́ ni pé ilé a máa sán fún ìdí tí kò kan kúárì rárá: ìpìlẹ̀ tí kò jìn, ilẹ̀ tó ń wú lójò tó ń súnkì lẹ́ẹ̀rùn, búlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó. Ìdáhùn tí ilé-iṣẹ́ afọ́kúta sábà máa ń fún onílé nìyẹn, onílé kì í sì í ní ohun tó fi máa já a nírọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ya àwòrán ògiri náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàárín afọ́kúta tó mọṣẹ́ àti èyí tó ń kánjú. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í yin gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fi àkókò tó kéré ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ fíìfíì sáàárín ihò kan sí èkejì, kí ìmìtìtì wọn má baà gun ara wọn lórí. Ó ń dí ẹnu ihò dáadáa kí òkúta má baà fò kọjá ààlà. Ó ń yan àkókò kan lọ́sàn-án, ó sì ń jẹ́ kí ará àdúgbò mọ̀ ọ́n. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò wọ́n lówó tó ilé kan tó wó, àmọ́ wọ́n ń gba àkókò, àkókò ni àwọn kan kò sì fẹ́ ná.

Ekuru ní tirẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá yìnbọn fún àpáta. Ojoojúmọ́ ni. Àgbẹ̀ tó bá sá kòkó sórí ẹní, obìnrin tó bá sá láfún sórí àpáta, ìyá tó bá fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ sórí okùn, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ewé kòkó tó bá bò kì í rí oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbà bó ṣe yẹ. Síbẹ̀ ekuru tí ojú rí kọ́ ló burú jù, nítorí ó wúwo, kì í sì í pẹ́ balẹ̀. Èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí i ló ń jìnnà, òun náà ló sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ dé ìsàlẹ̀. Èròjà silica pọ̀ nínú òkúta gíránáìtì. Bó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń dá àpá síbẹ̀, àpá náà kì í sì í jinná. Kò sí oògùn tó ń wo àrùn tó ń tibẹ̀ wá, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní silicosis. Lọ́dún 1997 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ekuru silica sí ìsọ̀rí àkọ́kọ́, ti àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Lọ́dún 2016, Amẹ́ríkà dín iye tí òṣìṣẹ́ lè fà símú kù sí máíkírógíráàmù 50 nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan. Òṣìṣẹ́ tó dúró ti ẹ̀rọ ni ewu náà sún mọ́ jù, kì í ṣe ará abúlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ náà, ará abúlé ni wọ́n. Wọ́n sì ń wọ aṣọ iṣẹ́ wọn padà sílé.

Omi ló ń ṣẹ́gun ekuru. Kí wọ́n wọ́n omi sójú ọ̀nà, kí wọ́n fọ́n omi sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń rún òkúta, kí típà fi tapólíìnì bo ẹrù rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú kúárì tó wà ládùúgbò rẹ̀ kò nílò kó wọlé; kó dúró lójú ọ̀nà kó ka iye típà tó bo ẹrù àti iye tí kò bò ó.

Omi kànga ni ọ̀rọ̀ tí wọn kì í tètè rántí. Bí kòtò bá ti jìn kọjá ibi tí omi inú ilẹ̀ dé, omi á máa sun sínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ á máa fà á dànù kí iṣẹ́ lè lọ. Kànga tí kò jìn lẹ́bàá ibẹ̀ lè gbẹ lẹ́ẹ̀rùn tí kì í gbẹ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sì kógbá wọlé láìdí kòtò náà, òjò á kún un, ó di adágún olójú-rírẹwà tí ọmọdé ń lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tí etí rẹ̀ dúró gbọọrọ láìsí ibi tí ọwọ́ lè dì mú.

Ibo ni òfin wá wà nínú gbogbo èyí?

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi ìwakùsà àti ohun àlùmọ́ọ́nì sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Nítorí náà kì í ṣe gómìnà, kì í ṣe alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé ní Ìkirè tàbí ti Ìsọ̀kan ní Àpòmù, kì í sì í ṣe ọba ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìfọ́kúta. Àbújá ni, ní Mining Cadastre Office, lábẹ́ òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007. Ìwé àṣẹ kúárì kì í ju ọdún 5 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ ọ́ dọ̀tun; ilẹ̀ tó bò kò sì gbọdọ̀ ju kìlómítà 5 níbùú-lóròó lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀sùn ló ń ṣègbé sí ààfin tàbí sí sẹkitéríàtì nítorí pé ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kò ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Abala 3 òfin yẹn ka ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà sílẹ̀: ilẹ̀ tí ìlú, abúlé, ọjà tàbí ibi ìsìnkú wà lórí rẹ̀, ojúbọ àti ilẹ̀ àwọn baba ńlá, ibi tó wà láàárín mítà 50 sí ojú irin, sí ilé ìjọba, sí ìdídò tàbí sí ọ̀nà ìjọba. Mítà 50. Kò ju nǹkan bí ìdajì gígùn pápá bọ́ọ̀lù tó pé pérépéré lọ. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lè wà ní mítà 60 sí kúárì kí ilé-iṣẹ́ náà sì sọ pé òun kò rú abala yìí.

Nọ́ńbà kejì wà nínú òfin mìíràn, ti ọdún 1992, èyí tó ń béèrè ìwádìí lórí ipa tí iṣẹ́ ńlá máa ní lórí àyíká, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní EIA. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọ́ òkúta láàárín kìlómítà 3 sí ibi tí ènìyàn ń gbé, ibi òwò tàbí ibi ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí yìí dandan. Níbí ni àṣìlóye tó wọ́pọ̀ jù wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òfin yìí ka kúárì léèwọ̀ láàárín kìlómítà 3. Kò kà á léèwọ̀. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣèwádìí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fún ará ìlú láyè láti sọ tiwọn kí ìjọba tó pinnu. Láàárín mítà 50 tí ó jẹ́ èèwọ̀ àti kìlómítà 3 tí ìwádìí ti di dandan, ibẹ̀ ni gbogbo abúlé tó ń kérora wà. Ìwé ni ààbò tí wọ́n ní níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tí ìwé EIA bá délẹ̀, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Àyíká máa ń gbé e síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, wọ́n sì ń kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n máa ń gbé ẹ̀dà kan sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Nínú ọjọ́ 21 yẹn, ẹnikẹ́ni lè wọlé kà á kó sì kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́. Ìwé náà máa ń nípọn, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ a sì le. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì ń bẹ lóko. Bí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tàbí ẹgbẹ́ olùkọ́ ìlú kan bá lè yan ẹni méjì tó máa lọ kà á, tó máa wá sọ fún ìpàdé ohun tó wà níbẹ̀ ní Yorùbá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe yẹn ju ìwọ́de mẹ́wàá tó bá wáyé lẹ́yìn ọdún méjì lọ. Ohun tí wọ́n máa wò kò pọ̀: ṣé abúlé wọn wà nínú àwòrán ilẹ̀ náà? Ṣé wọ́n ka kànga wọn? Ìgbà wo ni wọ́n sọ pé àwọn á máa yìnbọn fún àpáta? Kí ni wọ́n sọ pé àwọn á fi kòtò náà ṣe nígbà tí wọ́n bá ń lọ?

Kí ìwé EIA tó délẹ̀ pàápàá, ìbéèrè ìyọ̀ǹda wà. Abala 100 òfin ọdún 2007 ní kí wọ́n fi tó ẹni tó ni ilẹ̀ tàbí ẹni tó ń gbé orí rẹ̀ létí kí wọ́n sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kí ìwé àṣẹ kúárì tó jáde. Ní ilẹ̀ kòkó, gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹni tó gbin kòkó kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Ó lè ti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí onílẹ̀ láti ìgbà bàbá rẹ̀. Bí mọ́gàjí méjì bá fọwọ́ sí ìwé ní pálọ̀ ẹnìkan láìsọ fún un, wọ́n ti ta oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Òfin rí i: owó gbà-má-bínú fún irúgbìn, fún igi eléso àti fún ilé tó bá bàjẹ́ tọ́ sí ẹni tó ń lo ilẹ̀, kì í ṣe onílẹ̀ nìkan. Ayálégbé oko tó bá mọ èyí á lọ ka igi kòkó rẹ̀, á ya àwòrán wọn, á sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó bá ń díye lé nǹkan kí kátakátá tó wọlé.

Ìwé kẹta ni àdéhùn ìdàgbàsókè tí abala 116 béèrè láàárín ilé-iṣẹ́ àti àwùjọ tó gbà á lálejò. Ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìwé náà lè sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti owó ilé-ìwé, iṣẹ́ fún ọmọ ìlú, ọ̀nà, omi, iná, ilé ìwòsàn, àti bí wọ́n ṣe máa tún àyíká ṣe. Bí àwọn méjèèjì kò bá lè fẹnu kò, mínísítà ni wọ́n máa gbé e lọ bá. Àdéhùn tó dára kì í pọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìmọrírì. Ó ń sọ ọjọ́, ó ń sọ iye, ó ń sọ ẹni tó máa bójú tó o. Àdéhùn tí wọ́n kọ “ilé-iṣẹ́ yóò ran àdúgbò lọ́wọ́” sí kò de ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n kọ sí pé ilé-iṣẹ́ yóò gbẹ́ kànga ìgbàlódé méjì kí oṣù kẹfà tó pé, pé yóò máa wọ́n omi sójú ọ̀nà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ lẹ́ẹ̀rùn, ìyẹn de ènìyàn.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ọ kò kéré lórí ìwé. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí i pé wọ́n pa òfin àyíká mọ́, ti wà láti ọdún 2007, ó sì ní ìlànà pàtó lórí kúárì àti fífi ohun abúgbàù fọ́ òkúta láti ọdún 2013. Ilé-iṣẹ́ ohun àlùmọ́ọ́nì ní ọ̀gá ìwakùsà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin ọdún 2007 tún dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, MIREMCO ni wọ́n ń pè é, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti lè dá sí ọ̀rọ̀ tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn láti Ararọ̀mí-Òwu yẹ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ gbà sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìlú.

Ọ̀rọ̀ ohun abúgbàù le ju gbogbo rẹ̀ lọ. Òfin tó ń darí rẹ̀ ti wà láti ọdún 1964: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rà á, gbé e, tọ́jú rẹ̀ tàbí lò ó láìgba àṣẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Ìbàdàn mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá rú òfin yìí. Ìró ńlá kan dún ní Bódìjà, ilé wó, òrùlé ṣí kúrò ní àdúgbò tó jìnnà, ó kéré tán ènìyàn 5 kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Àárín ìlú ni, ládùúgbò tí kò ní kúárì kankan. Ẹni tó ń gbé nítòsí ibi ìfọ́kúta ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí wọ́n ń kó nǹkan yìí sí, ta ni ń ṣọ́ ọ, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjọba lè gba ìwé àṣẹ padà bó bá wù ú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, mínísítà ohun àlùmọ́ọ́nì, Délé Alákẹ́, kéde pé ìjọba ti wọ́gi lé ìwé àṣẹ ìwakùsà 1,633. Ohun tí àwọn onítọ̀hún ṣẹ̀ ni pé wọn kò san owó ọdọọdún tó yẹ. Iye yẹn fi hàn pé agbára wà lọ́wọ́ ìjọba, pé ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ibi tó ń dunni ni pé owó tí wọn kò san fún Àbújá ló fa ìwọ́gilé náà. Kì í ṣe ògiri tó sán.

Ilé ẹjọ́ náà ṣí sílẹ̀, ó sì ṣí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí ariwo tàbí ekuru tó kan gbogbo àdúgbò bá ń yọ lẹ́nu kò lè dá pẹjọ́. Ó ní láti gba ìyọ̀ǹda agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, tàbí kó fi hàn pé ìyà tirẹ̀ ju ti gbogbo ará àdúgbò lọ. Àwọn olùgbé ẹ́sítéètì Ire-Àkárí ní Ìsọlọ̀, Èkó, gbé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù kan, Interland Transport, lọ sílé ẹjọ́ nítorí ariwo, ekuru àti ìmìtìtì tí ọkọ̀ ńláńlá ń fà láàárín ilé wọn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò mọ̀ sí Adédiran àti Interland, àwọn adájọ́ sọ pé ìdènà àtijọ́ yẹn kò bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè tó wà nígbà náà mu. Láti ìgbà náà, ará abúlé tí típà ń da ekuru bò lè dúró fúnra rẹ̀ níwájú adájọ́.

Àmọ́ adájọ́ á béèrè ẹ̀rí, ẹ̀rí sì ni ohun tí àwọn abúlé kì í ní. Kò gba owó rẹpẹtẹ láti ní in. Fóònù lásán tó láti ya àwòrán ògiri ilé kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ sì hàn lórí rẹ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ìwé àjákọ kan tó láti máa kọ ọjọ́ àti aago tí àpáta dún, bóyá fèrè kọ́kọ́ dún tàbí kò dún, bóyá òkúta fò wọlé. Okùn tí wọ́n so òkúta mọ́ nídìí tó láti máa wọn bí omi kànga ṣe jìn sílẹ̀ lóṣooṣù. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré lè máa kọ iye àwọn tó ń wá nítorí ikọ́ tí kò lọ. Bí ìwé wọ̀nyí bá ti tó ọdún méjì, ó máa ṣòro fún ilé-iṣẹ́ láti sọ pé ilé ti sán tẹ́lẹ̀.

Ọ̀ràn kan tún wà tó yẹ kí àwọn ará ìlú fúnra wọn gbọ́. Kúárì kì í fi gbogbo ìgbà wá bá ilé. Nígbà mìíràn ilé ló ń rìn lọ bá kúárì. Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ là a máa mú kí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tà. Òṣìṣẹ́ á wá ilé gbé, olóúnjẹ á pàgọ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ á gé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì, wọ́n á tà á ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tó wá láti Ìbàdàn tí kò bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àpáta dún. Ibi tí wọ́n wọ̀n ní kìlómítà 3 nígbà tí ìwé àṣẹ jáde lè ti di kìlómítà kan lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹbí tó fọwọ́ gba owó ilé-iṣẹ́ lọ́tùn-ún, tó tún ń ta pulọ́ọ̀tì lẹ́bàá rẹ̀ lósì, ń ṣe ìkà fún ẹni tó rà á. Ó yẹ kí àwọn baálẹ̀ àti ọ́fíìsì ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ jọ fa ìlà kan tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé kọjá.

Ọ̀nà tí àwọn ilẹ̀ mìíràn gbà pín owó rẹ̀ yẹ ní wíwò pẹ̀lú. Láti oṣù kẹrin ọdún 2002 ni ìjọba Bìrìtìkó ti ń gba owó orí lórí òkúta, iyanrìn àti gírávẹ́lì tí wọ́n bá wà, £1.60 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan. Títí di ọdún 2011, wọ́n ń yọ apá kan nínú owó náà sọ́tọ̀ fún àwọn àdúgbò tí ìwakùsà kàn àti fún àtúnṣe àyíká wọn. Ní Nàìjíríà, owó tí afọ́kúta ń san lórí òkúta ń lọ sí àpò ìjọba àpapọ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ pé ó kéré tán ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó ohun àlùmọ́ọ́nì gbọ́dọ̀ padà sí ìpínlẹ̀ tó ti jáde wá. Kò sọ pé kó dé abúlé. Títí tí ẹnìkan yóò fi kọ ọ́ sínú òfin, àdéhùn abala 116 nìkan ni ọ̀nà tí owó òkúta lè gbà dé ọwọ́ ẹni tó ń mí ekuru rẹ̀.

Àdéhùn náà ní ọjọ́ àtúnyẹ̀wò: ọdún márùn-ún márùn-ún ni òfin sọ. Ìwé àṣẹ kúárì fúnra rẹ̀ kì í ju ọdún 5 lọ kí wọ́n tó tún un béèrè. Èyí ni pé abúlé tí kò mọ nǹkan kan nígbà àkọ́kọ́, tí ẹlòmíràn fọwọ́ sí ìwé fún, tí wọ́n gbé EIA rẹ̀ síta fún ọjọ́ 21 láìsí ẹni tó wò ó, ní ìgbà kejì. Ìwé àkọsílẹ̀ Mining Cadastre Office wà fún gbogbo ènìyàn láti yẹ̀ wò, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: nọ́ńbà ìwé àṣẹ, orúkọ ẹni tó ni ín, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe tó, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹgbẹ́ ìlú tó bá fẹ́ ṣe nǹkan lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n wá ọjọ́ ìparí ìwé àṣẹ tó bo ilẹ̀ wọn, kí wọ́n ka ọdún kan sẹ́yìn láti ibẹ̀, kí wọ́n sì pe ìpàdé sí ọjọ́ náà, pẹ̀lú àwòrán ògiri, ìwé àkọsílẹ̀ ìró àti ìwọ̀n kànga lórí tábìlì.